Ọkọ̀ Abẹ́ Omi Cavalla ní Galveston: Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Tó Ri Shokaku

Ẹni tó bá ń gbé ìlú Houston tí ó sì fẹ́ lọ gba atẹ́gùn létí òkun, Galveston ni yóò kọrí sí, etíkun tó wà ní apá gúúsù erékùṣù náà ni yóò sì wá àyè gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Díẹ̀ nínú wa ló máa ń yà sí apá kejì, níbi tí afárá kan ti so Galveston mọ́ Pelican Island, tí ọgbà kan tí wọ́n ń pè ní Seawolf Park sì wà ní òpin ọ̀nà. Inú ọgbà yìí ni ọkọ̀ abẹ́ omi USS Cavalla wà lórí ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Òun ló ri Shokaku, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ogun agbébàálù tí Jàpáànì fọkàn tán jù lọ, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tó ń rò ó bóyá ohun tó wà níbẹ̀ tó owó ìwọlé ni mo ń kọ àyẹ̀wò yìí fún. Ó tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún mọ ìtàn Shokaku kí ó tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin lásán ni yóò wò tí yóò sì padà sílé.

Ilé iṣẹ́ Electric Boat tó wà ní Groton, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ló kan ọkọ̀ náà. Oṣù Kọkànlá ọdún 1943 ni wọ́n sọ ọ́ sómi, ó sì di ti ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1944, ọjọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin ló ń yọjú. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 95, ìbú rẹ̀ sì fi díẹ̀ lé ní mítà 8. Inú àyè tóóró yìí ni wọ́n kó ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, bátìrì, oúnjẹ, tọ́pídò 24 (bọ́ǹbù gígùn tó ń gba inú omi lọ lu ọkọ̀) àti ọkùnrin bí 60 sí 80 sí, tí wọ́n á sì jọ máa gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìfojú kan ilẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n gba ọkọ̀ yìí tí ó fi ṣe ohun tó sọ ọ́ di olókìkí, ìrìn àjò ogun rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni.

Láti orí ọkọ̀ ni èèyàn ti ń sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ara máa mọ̀ ni pé ibẹ̀ kò gba ìrìn fàájì. Ọ̀nà tó so yàrá kan mọ́ òmíràn jẹ́ ihò ìrísí ẹyin tí wọ́n gé sára ògiri irin, tó ga díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹsẹ̀ kan lo máa kọ́kọ́ gbé kọjá, wàá tẹ orí ba, wàá wá fa ìyókù ara tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni wàá sì máa ṣe láti yàrá dé yàrá títí wàá fi jáde. Ẹni tó bá wọ agbádá wá, kí ó tètè bọ́ ọ sínú mọ́tò rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe ihò náà bẹ́ẹ̀ ni pé ìlẹ̀kùn irin tó nípọn wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tì pa kí omi tó bá ya wọ yàrá kan má baà dé èyí tó kàn. Ẹni tó bá wà nínú yàrá tí omi ya wọ̀ nígbà tí wọ́n bá tì í, ó di tirẹ̀ àti ti Ọlọ́run.

Yàrá tọ́pídò ni mo gbà kí àlejò dúró sí jù lọ. Ibùsùn àwọn atukọ̀ wà lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń to tọ́pídò sí, débi pé ẹni tó bá na ọwọ́ láti orí ibùsùn lè fi kan ohun tí wọ́n fẹ́ fi fọ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn ihò tí wọ́n ń ta tọ́pídò jáde wà níwájú yàrá náà, ìlẹ̀kùn wọn nípọn, wọ́n sì jẹ́ aláwọ̀ idẹ. Nígbà tí wọ́n kan Cavalla, irú ihò bẹ́ẹ̀ mẹ́fà ló ní níwájú àti mẹ́rin lẹ́yìn. Ilé ìdáná wà láàárín ọkọ̀, kò sì fẹ̀ tó ibi tí alásè méjì lè ti kọjá ara wọn láìforígbárí. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ àwàdà ọ̀tọ̀: fáàfù àti ọ̀pá tó wà lára rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra wọn, nítorí pé ẹni tó bá ṣi ọ̀kan ṣí nígbà tí ọkọ̀ wà nísàlẹ̀ omi, ohun tó fẹ́ dà sí òkun yóò padà wá bá a lójú.

Ní yàrá ìdarí, ẹ wo àwọn kẹ̀kẹ́ ìdarí ńlá tí wọ́n ń yí láti fi mú ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀ tàbí gbé e sókè, àti àwọn aago tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe jìn tó. Níbí yìí ló yẹ kí èèyàn ti rántí ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà náà.

Ní ọjọ́ 15 oṣù yẹn, Amẹ́ríkà kó ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí erékùṣù Saipan, Jàpáànì sì rí i pé bí Saipan bá bọ́, ilé tiwọn ni ogun kàn. Wọ́n kó ọkọ̀ agbébàálù mẹ́sàn-án jọ lábẹ́ Ọ̀gágun Ozawa, wọ́n forí lé Òkun Philippine. Herman J. Kossler ni ọ̀gá ọkọ̀ Cavalla. Ọkọ̀ abépo ni ó kọ́kọ́ bá pàdé, ọwọ́ rẹ̀ kò sì bà wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ní alẹ́ ọjọ́ 17, ó bọ́ sáàárín ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun ńlá tí kò ṣeé kà tán. Àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó kọ́kọ́ jíṣẹ́ ohun tó bá rí, nítorí náà ó rì sísàlẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá, ó wá gòkè nígbà tí wọ́n lọ tán láti fi ìròyìn ránṣẹ́. Charles Lockwood, tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà ní Òkun Pàsífíìkì, yí àṣẹ náà padà kíá: kí wọ́n kọ́kọ́ yìnbọn ná, kí wọ́n tó ròyìn. Ẹ fojú inú wo ọ̀gá ọkọ̀ tó jẹ́ ìrìn àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, tí ẹran ńlá ti kọjá lójú rẹ̀ láìta ọfà kan.

Orí kò jẹ́ kó pa á láyò. Ní ọjọ́ 19, ṣáájú ọ̀sán, ó gbé awò gígùn ọkọ̀ rẹ̀ yọ sójú omi, ó sì rí ọkọ̀ agbébàálù ńlá kan tó ń gba àwọn bàálù rẹ̀ tó ń ti ojú ogun bọ̀. Kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú ara rẹ̀ nìkan. Ó pe àwọn ọ̀gá kéékèèké tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n wò ó pẹ̀lú, kí wọ́n má baà fi ọwọ́ ara wọn pa ọmọ Amẹ́ríkà. Nígbà tó tún gbé awò náà sókè, ó rí àsíá oòrùn Jàpáànì kedere. Ó súnmọ́ tó nǹkan bí yáàdì 1,000, ó sì ta tọ́pídò mẹ́fà. Mẹ́ta nínú wọn bà á, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí òun fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ibi tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ti jẹ ìyà tiwọn kò ju ibi tí ẹ dúró sí yẹn lọ. Àwọn ọkọ̀ ogun tó ń ṣọ́ Shokaku yí orí padà, wọ́n sì ń ju bọ́ǹbù inú omi lu Cavalla fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta. Iye tí wọ́n jù lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, wọ́n á pa gbogbo ẹ̀rọ tó ń pariwo, títí kan èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀ sókè, ooru á mú, atẹ́gùn á sì máa burú sí i. Ohun tí èmi kò lè gbé kúrò lọ́kàn ni pé kò sí fèrèsé kan nínú gbogbo ọkọ̀ náà. Gbogbo ohun tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn mọ̀ nípa ikú tó ń bọ̀ tàbí tó ń lọ, etí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Etí náà ni wọ́n fi gbọ́ ìró ńlá láti apá ibi tí wọ́n ti ta tọ́pídò, ìyẹn sì ni Kossler fi gbà pé ọkọ̀ náà ti rì.

Ó ti rì lóòótọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò ń pàdánù sí nìyí, nítorí pé Shokaku kò sí níbẹ̀ láti sọ tẹnu rẹ̀. Ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ tó mítà 257 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta Cavalla. Oṣù Kẹjọ ọdún 1941 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì pé oṣù mẹ́rin tí àwọn bàálù rẹ̀ fi wà lára àwọn tó lọ ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Hawaii. Ọkọ̀ agbébàálù mẹ́fà ló lọ síbẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ṣègbé nínú ogun ojú omi Midway ní oṣù Kẹfà ọdún 1942, Shokaku kò sì bá wọn kú nítorí pé bọ́ǹbù ti bà á jẹ́ ní oṣù kan ṣáájú, nínú ogun Òkun Coral, wọ́n ń tún un ṣe lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, nítòsí erékùṣù Santa Cruz, bọ́ǹbù tún lù ú, iná tún sọ lára rẹ̀, ó sì tún gbé ara rẹ̀ dé ilé. Ọkọ̀ tí bọ́ǹbù láti òkè kò rí pa lẹ́ẹ̀mejì ni tọ́pídò gba ìsàlẹ̀ wọlé sí lára.

Ìgbà tí ọ̀ràn náà bá a sì burú. Ọkọ̀ agbébàálù tó bá fẹ́ gba bàálù rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́ kí ó sì máa lọ tààrà, kò lè máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún láti dààmú ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àwọn bàálù tó ti balẹ̀ wà nínú gbọ̀ngán abẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n ń rọ epo sí wọn. Tọ́pídò fọ́ àwọn ibi tí epo bàálù wà, iná ràn, omi sì ń ya wọ iwájú ọkọ̀. Àwọn atukọ̀ jà fún wákàtí méjì ó lé. Nígbà tí wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn èèyàn máa kúrò, ọ̀pọ̀ wọn péjọ sórí pápá ìbalẹ̀ bàálù. Iwájú ọkọ̀ rì lójijì, ìdí rẹ̀ dìde sókè, pápá náà sì di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lórí rẹ̀ yọ̀ wálẹ̀, wọ́n já sínú ihò ńlá tí wọ́n fi ń gbé bàálù sókè sódò, èyí tó ṣí sílẹ̀, tí iná sì ń jó nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, Shokaku kò sí mọ́. Àwọn tó bá a lọ lé ní 1,200, àwọn tí wọ́n rí yọ sì jẹ́ nǹkan bí 570, ọ̀gá ọkọ̀ náà wà lára wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè sọ pé kí ló kàn wá nínú ìjà Amẹ́ríkà àti Jàpáànì. Ní ọdún 1944 kan náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, ọmọ ogun Jàpáànì ni wọ́n sì ń bá jà nínú igbó. Ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ bá lọ sí Bọ́mà, ogun yẹn kì í ṣe ogun àjèjì fún un.

Kí n padà sórí omi. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ ogun Òkun Philippine, bàálù ni wọ́n máa ń sọ, nítorí pé bàálù Jàpáànì tí ti Amẹ́ríkà já bọ́ ní ọjọ́ yẹn pọ̀ jọjọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ọkọ̀ agbébàálù mẹ́ta tí Jàpáànì pàdánù, Hiyo nìkan ni bàálù rì, ní ọjọ́ kejì. Ọkọ̀ abẹ́ omi ló pa àwọn méjì tó tóbi jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 19 yẹn kan náà, ọkọ̀ abẹ́ omi Albacore ta tọ́pídò mẹ́fà sí Taiho, ọkọ̀ tuntun tí Ozawa fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ bàálù kan, Sakio Komatsu, rí ọ̀kan nínú àwọn tọ́pídò náà lójú omi, ó sì fi bàálù rẹ̀ àti ẹ̀mí rẹ̀ kọ lù ú. Ẹyọ kan péré ló ba Taiho. Ọkọ̀ náà ń bá ìrìn rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n òórùn epo ń tàn kálẹ̀ nínú rẹ̀ nítorí pé wọ́n ṣí ọ̀nà atẹ́gùn káàkiri, títí ó fi bú gbàmù lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà ó lé. Albacore kò bọ̀ wálé láti ojú ogun. Bọ́ǹbù tí wọ́n rì sínú omi ló pa á nítòsí Hokkaido ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Nínú ọkọ̀ abẹ́ omi méjèèjì tó ṣe iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, Cavalla nìkan ni èèyàn lè fọwọ́ kàn lónìí, èyí ló sì jẹ́ kí ìrìn àjò dé Pelican Island níye lórí lójú mi.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn àwòrán àtijọ́ mọ̀. Ọkọ̀ tí ẹ óò bá níbẹ̀ kò rí bó ṣe rí ní 1944. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà dá a padà sí ilé iṣẹ́ tó kàn án, wọ́n sì sọ ọ́ di ọkọ̀ tí yóò máa dọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, torí pé ti Rọ́ṣíà ló ń bà wọ́n lẹ́rù nígbà náà. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́ròó ńlá sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ ilé irin tó wà lórí rẹ̀. Iwájú rẹ̀ wú, kò sì wù mí láti wò láti ìta. Ṣùgbọ́n ara irin tó gba bọ́ǹbù wákàtí mẹ́ta yẹn ṣì ni ẹ óò wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì ṣe pàtàkì ju ìrísí òde lọ.

Ọgbà náà gba orúkọ rẹ̀ láti ara USS Seawolf, ọkọ̀ abẹ́ omi tó sọnù pẹ̀lú gbogbo èrò rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1944. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà fúnra wọn ló ṣèèṣì pa á, wọ́n rò pé ọ̀tá ni. Ọkọ̀ abẹ́ omi 52 ni Amẹ́ríkà pàdánù nínú ogun yẹn, nítorí náà ó bójú mu pé òkú tiwọn ni wọ́n ń ṣèrántí níbẹ̀. Òkú Shokaku, ẹni tó bá wá ni yóò gbé wọn wá lọ́kàn ara rẹ̀, ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ ka ìtàn náà nílé kí ẹ tó gbéra.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cavalla ni USS Stewart wà, ọkọ̀ adènà tí wọ́n kàn ní Houston níbí. Ẹ má ṣe fò ó. Ọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bọ́ǹbù inú omi sì ni ohun ìjà rẹ̀ pàtàkì. Ó gba kí èèyàn ti inú Cavalla jáde lọ sórí Stewart, kì í ṣe kí ó kọ́kọ́ lọ sórí Stewart, torí pé ìgbà náà ni yóò mọ ohun tí wọ́n ń jù sísàlẹ̀ àti irú àyè tí àwọn tí wọ́n ń jù ú lù wà.

Ní ti ìlera, kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ kó dùn: ọkọ̀ abẹ́ omi kò ṣe fún arúgbó tí eékún ń dùn, kò ṣe fún kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara tàbí ti ọmọ ọwọ́, kò sì ṣe fún ẹni tí àyè há-há máa ń já láyà. Bí ẹ bá mú màmá tàbí bàbá yín dání, etí omi ọgbà náà dára, àwọn apẹja wà níbẹ̀, ọkọ̀ ńláńlá ń kọjá, èèyàn sì lè rí òkú ọkọ̀ Selma, ọkọ̀ abépo tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, tó ti dúró sínú omi láti àwọn ọdún 1920. Àwọn ọmọdé tó ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ yóò gbádùn inú ọkọ̀ náà gan-an, àwọn ni ara wọn yá láti fò kọjá àwọn ihò yẹn. Oòrùn Texas láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án kì í ṣàánú irin, nítorí náà ẹ lọ ní kùtùkùtù, tàbí kí ẹ dúró de ìgbà ọ̀gìnnìtìn. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ wo owó ìwọlé àti wákàtí tí wọ́n ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún afárá Pelican Island, torí pé afárá tó ń ṣí fún ọkọ̀ ojú omi ni, bó bá sì ti ṣí, ẹni tó ń kánjú àti ẹni tí kò kánjú yóò jọ dúró ni.